Níbo Ni Rẹ́jímẹ́ǹtì Ẹlẹ́ṣin Yìí Ti Túúbá? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Títọ Ipasẹ̀ Àwọn Ẹlẹ́ṣin Confederate ní 1865

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, tí olùkọ́ fún ọmọ wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn bá ìdílé tó ti wà ní Texas, Tennessee tàbí Alabama kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ dána, àti ìdílé aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú. Mo kó àwọn ìdáhùn jọ síbí, mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

1. Ta ni àwọn ẹlẹ́ṣin Confederate?

Láàrin òpin 1860 sí 1861, ìpínlẹ̀ 11 ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ya kúrò lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gba ẹrú lọ́wọ́ wọn, ogun abẹ́lé sì jà títí di 1865. Confederate ni wọ́n pe ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ń gun ẹṣin jà là ń sọ níbí. Rẹ́jímẹ́ǹtì kan máa ń ní company 10, tí wọ́n fi lẹ́tà A dé K pè, wọ́n sì fo J. Lórí ìwé, rẹ́jímẹ́ǹtì yẹ kó tó ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Nígbà tí 1865 fi dé, òmíràn ò tó igba mọ́.

Ọmọ ogun fúnra rẹ̀ ló ń mú ẹṣin wá láti ilé. Ìjọba Confederate ń san 40 sẹ́ǹtì lóòjọ́ fún un lórí ẹṣin náà. Bí ọ̀tá bá pa ẹṣin lójú ìjà, ìjọba á san iye tí wọ́n ti dá lé e. Bí ebi tàbí àìsàn ló pa á, ẹlẹ́ṣin ló ru àdánù, àfi kó gbàyè lọ wá òmíràn nílé, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di afẹsẹ̀rìn. Ẹ má gbàgbé èyí o, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ò ní rí lójú ibi tí wọ́n ti túúbá, ẹṣin ni wọ́n lọ wá.

2. Ọjọ́ wo gan-an ni ogun náà parí?

Kò parí lọ́jọ́ kan. Lee, ọ̀gágun Confederate, túúbá fún Grant, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀ (tí a tún ń pè ní Àríwá), ní Appomattox, Virginia, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 1865. Johnston túúbá fún Sherman ní ilé àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ James Bennett, nítòsí Durham ní North Carolina, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin. Richard Taylor túúbá fún Canby ní Citronelle, Alabama, ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún. Àwọn tó wà ní ìwọ̀ oòrùn odò Mississippi fọwọ́ sí tiwọn ní New Orleans ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, Kirby Smith tó jẹ́ ọ̀gá wọn sì fọwọ́ sí i nínú ọkọ̀ ojú omi ní Galveston ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà. Stand Watie ló kẹ́yìn gbogbo ọ̀gágun tó túúbá, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, ní Doaksville lórí ilẹ̀ àwọn Choctaw.

3. Kí ni kí n kọ́kọ́ wá?

Ẹ wá ọ̀gágun tí rẹ́jímẹ́ǹtì náà wà lábẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta 1865. Orúkọ ìpínlẹ̀ tó wà lára rẹ́jímẹ́ǹtì kì í sọ ibi tó parí sí. Mo ti rí ẹni tó fi oṣù mẹ́ta wá rẹ́jímẹ́ǹtì Texas kan nínú ìwé Texas, tó sì jẹ́ North Carolina ni wọ́n wà.

Ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwọn ìròyìn àti ìwé àṣẹ ogun náà jáde láàrin 1880 sí 1901, ó jẹ́ ìwé 128. Fún ìparí ogun, ìdìpọ̀ mẹ́rin ni ẹ máa lò nínú ọ̀wọ́ kìn-ín-ní: 46 fún Virginia, 47 fún Carolina méjèèjì, 48 fún ìwọ̀ oòrùn Mississippi, 49 fún Alabama, Mississippi, Tennessee àti Georgia. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n to àwọn brigade (rẹ́jímẹ́ǹtì mélòó kan tó wà lábẹ́ ọ̀gá kan) sí nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ wá nọ́ńbà rẹ́jímẹ́ǹtì yín àti orúkọ ọ̀gá tó ń darí rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà lọ. Ẹ máa rí ìdí ní ìbéèrè 11.

4. Ìwé wo ló ń sọ ti ènìyàn kọ̀ọ̀kan?

Káàdì iṣẹ́ ogun tó wà ní National Archives ní Washington. Nígbà tí ogun ń parí lọ, Samuel Cooper, ọ̀gágun tó ń bójú tó ìwé Confederate, fi àwọn ìwé náà lé àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ ní Charlotte, kò jó wọn níná. Láti 1903, àwọn akọ̀wé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo orúkọ tí wọ́n bá rí nínú ìwé wọ̀nyẹn kọ sórí káàdì, káàdì kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí orúkọ ènìyàn bá jáde. Texas wà nínú fíìmù M323, Tennessee ní M268, Virginia ní M324, Alabama ní M311. Wọ́n ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè rí wọn lórí FamilySearch tàbí Fold3.

Káàdì tó kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ wá máa bọ̀ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìwé orúkọ ti 1865 ti sọnù, nítorí náà ẹni tí káàdì rẹ̀ dúró sí òpin 1864 lè ti jagun títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìwé kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn sá.

5. Kí ni parole tí mò ń rí lórí káàdì yẹn?

Ìwé kékeré ni. Ẹni tó túúbá ṣèlérí pé òun ò ní gbé ìbọn mọ́ títí wọn ó fi fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n lọ́nà tó bá òfin mu, ìjọba náà sì ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní dí i lọ́wọ́ nílé rẹ̀ bó bá pa òfin mọ́. Ní Appomattox, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sínú ilé ọtí Clover Hill, wọ́n sì tẹ nǹkan bí 30,000. Àwọn tó gbà á lé ní 28,000. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ lè kọjá láàrin àwọn ọmọ ogun Àríwá láìsí wàhálà, ó sì lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà.

Ìwé méjì ló wà: èyí tí ọmọ ogun mú lọ sílé, àti ìwé orúkọ tó dúró sọ́wọ́ ìjọba. Ti ilé máa ń ṣá, eku máa ń jẹ ẹ́, àwọn ọmọ máa ń gé e pín. Ti ìjọba ni ẹ máa rí.

6. Káàdì sọ pé Citronelle, ìdílé sọ pé Gainesville. Èwo ni ká gbà?

Méjèèjì tọ̀nà. Ìbéèrè yìí ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ mú káàdì náà, ẹ kà á lẹ́sẹẹsẹ. Ìlà kan á sọ pé ó jẹ́ ara àwọn tí Taylor fà lé Canby lọ́wọ́ ní Citronelle, ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún. Ìlà tó tẹ̀ lé e á sọ ibi tó ti gba parole: Gainesville, ọjọ́ kan lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìlà ìsàlẹ̀ á sọ agbègbè tí ilé rẹ̀ wà.

Citronelle ni ibi tí àwọn ọ̀gágun méjì jókòó sí fọwọ́ sí ìwé. Ọmọ ogun tí ẹ ń wá lè má fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Gainesville, ní ìwọ̀ oòrùn Alabama, ni Nathan Bedford Forrest kó àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ jọ sí, tó ka ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, tí wọ́n sì tò gba ìwé. Àwọn mìíràn gba tiwọn ní Meridian, ní Jackson, ní Columbus. Bí ẹ bá ń kọ ìtàn yín, ẹ kọ ibi méjèèjì àti ọjọ́ méjèèjì.

7. Ṣé wọ́n gba ẹṣin àti ìbọn wọn?

Wọ́n gba ìbọn. Ẹṣin tó jẹ́ ti ọmọ ogun fúnra rẹ̀, wọn ò gbà á. Ní Appomattox, Lee ló ṣàlàyé fún Grant pé nínú ogun tàwọn, ẹlẹ́ṣin àti oníbọn àgbá ló ni ẹṣin wọn. Grant rò ó pé àgbẹ̀ kéékèèké ni ọ̀pọ̀ wọn, pé ìgbà ìroko ti dé, ó ní kí wọ́n mú ẹṣin lọ. Ọ̀rọ̀ bí èyí wà nínú àdéhùn Johnston náà, wọ́n sì tún gbà pé kí brigade kọ̀ọ̀kan mú ìdá kan nínú méje ohun ìjà dání títí wọ́n á fi dé olú ìlú ìpínlẹ̀ wọn, torí olè pọ̀ lójú ọ̀nà.

8. Kí ló dé tí rẹ́jímẹ́ǹtì ẹlẹ́ṣin Virginia kò fi kún ìwé Appomattox?

Nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ti jáde kí ilẹ̀kùn tó tì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, nígbà tí ó hàn gbangba pé Lee á túúbá, Fitzhugh Lee, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó àwọn ẹlẹ́ṣin kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀tá, wọ́n forí lé Lynchburg. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti tú ká. Fitzhugh Lee fúnra rẹ̀ padà wá túúbá ní Farmville lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ti Rooney Lee, ọmọ bíbí Lee, ò rí bẹ́ẹ̀: ó dúró ti bàbá rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó dúró kó idà àti ìbọn wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ 10, ọjọ́ méjì ṣáájú àwọn afẹsẹ̀rìn.

Àwọn tó tú ká lọ sí ìlú wọn, wọ́n sì gba parole lọ́wọ́ ọ̀gá ọmọ ogun Àríwá tó bá sún mọ́ wọn jù: Winchester, Staunton, Lynchburg. Nítorí náà, rẹ́jímẹ́ǹtì kan lè ní parole ní ìlú mẹ́fà, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹfà. Ti John Mosby, ọ̀gá ẹlẹ́ṣin mìíràn ní Virginia, tún le sí i. Kò fa àwọn èèyàn rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ó tò wọ́n ní ìlú Salem ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ó ní kí oníkálùkù máa lọ. Púpọ̀ lọ gba ìwé ní Winchester. Òun fúnra rẹ̀ kò gba tirẹ̀ àfi ní oṣù kẹfà.

9. Ẹ fi rẹ́jímẹ́ǹtì kan ṣe àpẹẹrẹ fún wa, láti òkè délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú 8th Texas Cavalry, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Terry's Texas Rangers. Houston ni wọ́n ti kó wọn jọ ní oṣù kẹsàn-án 1861, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Benjamin Franklin Terry tó dá wọn sílẹ̀ wà lára àwọn tó ni oko ìrèké tó ń jẹ́ Oakland ní Sugar Land, ẹrú ló sì ń ro ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Sugar Land lónìí, ilẹ̀ yẹn kan náà ni. Terry kú lójú ìjà àkọ́kọ́ wọn, ní Woodsonville, Kentucky, ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 1861, rẹ́jímẹ́ǹtì náà sì lo ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ tó kù láìtún gbógun dé Texas. Wọ́n jà ní Shiloh, Perryville, Murfreesboro, Chickamauga, títí wọ́n fi bọ́ sábẹ́ Joseph Wheeler.

Ní 1865, wọ́n wà níwájú Sherman ní Carolina. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹta, Wheeler àti Wade Hampton ya lu bùdó Kilpatrick, ọ̀gá ẹlẹ́ṣin Sherman, ní oríta Monroe. Kilpatrick sá jáde pẹ̀lú aṣọ oorun lára, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rẹ̀ padà gba bùdó wọn. Thomas Harrison, ọmọ rẹ́jímẹ́ǹtì yìí tó ti di ọ̀gá brigade, gbọgbẹ́ níbẹ̀.

Bentonville ló tẹ̀ lé e, ọjọ́ 19 sí 21 oṣù kẹta. Lọ́jọ́ kẹta, Mower ti Àríwá gba ẹ̀gbẹ́ òsì Johnston wọlé, ó ń súnmọ́ afárá odò Mill Creek. Afárá yẹn nìkan ni ọ̀nà tí gbogbo ogun Johnston lè gbà sá. Hardee, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Johnston, kó ohun tó wà nítòsí jọ, 8th Texas àti 4th Tennessee wà lára wọn, wọ́n sì ya lu Mower títí ó fi padà sẹ́yìn. Ìjà ńlá tí rẹ́jímẹ́ǹtì náà jà kẹ́yìn nìyẹn. Willie, ọmọ Hardee, ọmọ ọdún 16, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láti bá àwọn ará Texas gun ẹṣin ni. Ọta ìbọn bà á, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ní Hillsborough. Oliver Howard, ọ̀gágun tí Mower ń jà lábẹ́ rẹ̀, ti kọ́ ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́ rí ní West Point. Mi ò tíì ka ibẹ̀ rí kí àyà mi má já.

Sherman wọ Raleigh ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin. Àwọn ẹlẹ́ṣin Wheeler ló wà lẹ́yìn ogun tó ń sá, wọ́n gba Chapel Hill kọjá. Johnston àti Sherman pàdé ní ilé Bennett, ìjọba àpapọ̀ kò gba àdéhùn àkọ́kọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí èkejì ní ọjọ́ 26. Nínú 248 tó ṣẹ́ kù nínú Terry's Texas Rangers, 90 péré ló túúbá pẹ̀lú Johnston. 158 yọ́ gba àárín àwọn ọ̀tá kọjá, ẹnì kan, ẹni méjì, wọ́n ń wá ogun Confederate tó ṣì dúró.

10. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn 158 yẹn?

Ìhà Texas ni púpọ̀ nínú wọn forí lé, ogun tí wọ́n ń wá lọ sì ń tú níwájú wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ ogun tó wà ní Houston fúnra wọn fọ́ ilé ìkẹ́rù ìjọba, wọ́n kó aṣọ àti ohun ìjà lọ sílé. Nígbà tí Kirby Smith fi máa fọwọ́ sí ìwé, kò sí ogun tó pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó délé nírú àkókò yẹn lè máà gba parole rárá, tàbí kó gbà á ní ìlú kan ní Texas, lọ́dọ̀ ọ̀gá ọmọ ogun Àríwá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá a. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwé owó ìfẹ̀yìntì tí Texas bẹ̀rẹ̀ sí í san fún àwọn ọmọ ogun Confederate ní 1899, tó wà ní ilé ìkówèépamọ́ ìpínlẹ̀ náà ní Austin.

Àwọn ẹlẹ́ṣin kan tún wà tí ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Brigade márùn-ún ló sin Jefferson Davis, ààrẹ Confederate, bó ṣe ń sá lọ sí gúúsù: ti Dibrell, Duke, Ferguson, Vaughn àti William Breckinridge, àwọn ará Kentucky àti Tennessee sì pọ̀ nínú wọn. Ní Abbeville, South Carolina, ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, àwọn ọ̀gá brigade sọ fún un lójú pé ogun ti tán, pé nítorí ẹ̀mí rẹ̀ nìkan làwọn ṣì ṣe wà níbẹ̀. Létí odò Savannah, wọ́n pín owó fàdákà ìjọba fún àwọn ọmọ ogun, ó lé ní dọ́là 26 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Parole púpọ̀ nínú wọn wá láti Washington, èyí tó wà ní Georgia. Ẹ ṣọ́ra o: mo ti rí ìtàn ìdílé tó gbé bàbá àgbà lọ sí olú ìlú Amẹ́ríkà nítorí orúkọ yìí. Davis kò sí láàrin wọn mọ́ nígbà tí wọ́n mú un nítòsí Irwinville ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún.

11. Kí ló dé tí mo fi ń rí rẹ́jímẹ́ǹtì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà?

Torí pé ìpínlẹ̀ fún wọn ní nọ́ńbà kan, ìjọba Confederate fún wọn ní òmíràn, ẹnikẹ́ni ò sì bá wọn yanjú ẹ̀. Tennessee ló burú jù. Rẹ́jímẹ́ǹtì Dibrell ń jẹ́ 8th, ó tún ń jẹ́ 13th. 4th Tennessee méjì ló wà, ti Starnes àti ti Baxter Smith, wọ́n sì máa ń pe ti Smith náà ní 8th. Ti Smith ló bá àwọn ará Texas ya lu Mower ní Bentonville. Ti Dibrell wà lára àwọn tó sin Davis. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà nìkan wá "8th Tennessee" á da ìtàn ogun méjì pọ̀, á sì fi ẹni tó wà ní North Carolina sí Georgia.

Orúkọ ọ̀gá àti lẹ́tà company ni kí ẹ máa fi dá wọn mọ̀. Lórí káàdì, àwọn akọ̀wé sábà máa ń kọ àlàyé kékeré sísàlẹ̀ nípa orúkọ mìíràn tí rẹ́jímẹ́ǹtì náà ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ìsàlẹ̀ yẹn.

12. Orúkọ ẹni tí mò ń wá kò sí nínú ìwé parole kankan. Ṣé ìsáǹsá ni?

Kò tíì di bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun: Camp Chase, Camp Douglas, Rock Island, Point Lookout. Ẹni tí wọ́n mú ní 1864 kò lè wà níbi ìtúúbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde lẹ́yìn àṣẹ ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1865, lẹ́yìn tí wọ́n búra fún Amẹ́ríkà. Ẹ wo ìwé ilé ìwòsàn. Ẹ wo bóyá wọ́n rán an lọ wá ẹṣin. Ọ̀gá ńlá gan-an lè yàgò fún ètò: Wheeler fúnra rẹ̀ kò bá Johnston túúbá, Georgia ni wọ́n ti mú un ní oṣù karùn-ún, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Fort Delaware.

Ẹ má sì da ìbúra pọ̀ mọ́ parole. Parole jẹ́ ìlérí pé n ò ní jagun mọ́. Ìbúra jẹ́ ìlérí pé mo padà di ọmọ Amẹ́ríkà olóòótọ́. Ẹni tí ọjọ́ ìbúra rẹ̀ wà ṣáájú oṣù kẹrin 1865, tí kò sì sí lẹ́wọ̀n, ó ṣeé ṣe kó ti kúrò lójú ogun nígbà yẹn. Ẹni tó búra lẹ́yìn oṣù karùn-ún, ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ló ṣe.

13. Ìdílé sọ pé bàbá àwọn kò túúbá rárá. Báwo la ṣe ń wọn irú ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ wo ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Púpọ̀ nínú ìtàn wọ̀nyí, àgbàlagbà ló sọ ọ́ ní ogójì ọdún lẹ́yìn ogun, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́ ń ṣe ìpàdé, tí "n kò túúbá" sì ti di oríkì. Òmíràn jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, bí ti àwọn 158. Òmíràn, orúkọ onítọ̀hún wà kedere nínú ìwé parole Greensboro, níbi tí àwọn ọmọ ogun Johnston ti gba tiwọn.

Mo máa ń tò wọ́n báyìí: ìwé orúkọ tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà ló ga jù, lẹ́tà tí wọ́n kọ lóṣù náà tẹ̀ lé e, ìwé owó ìfẹ̀yìntì tẹ̀ lé ìyẹn, ìtàn ẹnu sì gbẹ̀yìn. Àwọn ìwé ìfẹ̀yìntì wúlò gan-an, torí wọ́n máa ń bi arúgbó náà níbi tó wà nígbà tí ogun tán, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé òun kúrò lójú ogun ṣáájú ìtúúbá lè pàdánù owó náà. Ẹ máa rántí ìyẹn bí ẹ bá ń kà á.

14. Àsíá rẹ́jímẹ́ǹtì kò sí níbi ìtúúbá. Ṣé ó túmọ̀ sí pé wọn ò sí níbẹ̀?

Rárá. Wọ́n gé òmíràn pín láàrin ara wọn, wọ́n rán òmíràn mọ́ inú aṣọ, ọ̀tá sì ti gba òmíràn tipẹ́. Ní 1905, ìjọba Amẹ́ríkà dá àwọn àsíá tí wọ́n gbà padà fún àwọn ìpínlẹ̀. Àsíá kì í ṣe ìwé orúkọ.

15. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà pẹ̀lú rẹ́jímẹ́ǹtì ńkọ́? Níbo la ti lè rí wọn?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú lọ́kàn wa. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin, pàápàá àwọn ọ̀gá, mú ẹrú dání láti ilé: àwọn ló ń dáná, tó ń fọ aṣọ, tó ń bọ́ ẹṣin, tó ń gbé olúwa wọn tó gbọgbẹ́ kúrò lójú ìjà. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun, wọn ò sì yan láti wà níbẹ̀. Orúkọ wọn kì í wọ ìwé, bí ó bá sì wọ̀ ọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olówó rẹ̀. Mississippi gbà kí irú wọn béèrè owó ìfẹ̀yìntì láti 1888, Tennessee láti 1921. Nínú ìwé wọ̀nyẹn ni ẹ ti máa gbọ́ ohùn arúgbó dúdú kan tó ń sọ rẹ́jímẹ́ǹtì tí wọ́n mú òun lọ bá. Ẹ wo ìkànìyàn 1870 pẹ̀lú, èyí àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú, àti ìwé Freedmen's Bureau, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, tí Oliver Howard, olùkọ́ Willie Hardee, darí láti oṣù karùn-ún 1865.

Ẹ má fi ọjọ́ tí rẹ́jímẹ́ǹtì túúbá ṣe ọjọ́ òmìnira àwọn ẹrú rẹ̀. Ọjọ́ 54 kọjá láàrin ìtúúbá ilé Bennett àti ọjọ́ 19 oṣù kẹfà tí Gordon Granger, ọ̀gágun Àríwá, kéde òmìnira ní Galveston. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, lójú àwọn tó ni oko Oakland àti irú rẹ̀ ní Texas, ẹrú ṣì ni ẹrú.

Ní ìlú Mobile ní Alabama, òdì kejì ló ṣẹlẹ̀. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis lọ́hùn-ún, wá láti agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin òde òní, láàrin àwọn tó ń sọ èdè wa. Ọkọ̀ Clotilda ló kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Alabama ní 1860. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1865, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí àwọn ọmọ ogun Àríwá tó ń já èso jẹ létí odò sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ 22 lẹ́yìn ìyẹn ni Taylor tó fọwọ́ sí ìwé ní Citronelle, ní àríwá ìlú náà.